Ẹ Bi Àǹtí Ẹ̀rọ: Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀ẹ̀melòó nínú kánẹ́ẹ̀lì?

Lóṣù tó kọjá, mo sọ ọ́ lójú ewé yìí pé inú Linux, ìyẹn kánẹ́ẹ̀lì tó wà nídìí gbogbo fóònù Android, kún fún ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń bá ara rẹ̀ sọ: nǹkan báyìí ti ṣí, nǹkan báyìí ti pa, mo wá nǹkan báyìí n kò rí i. Mo fi kún un pé ọ̀rọ̀ kan náà a máa jẹ yọ níbi púpọ̀. Gbólóhùn kan péré ni o, àṣé ilé agbọ́n ni mo tọwọ́ bọ̀. Lẹ́tà ń wọlé títí di àná. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: kánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe kọ́nẹ̀lì ológun. Èkùrọ́ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, bí mo bá sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù, èkùrọ́ náà ni mo máa ń pè é, torí òun ló wà láàárín gbùngbùn tí gbogbo ètò yòókù yí i ká. Òun ló ń pín mẹ́mọ́rì, òun ló ń bá bátìrì, kámẹ́rà àti ojú fóònù sọ̀rọ̀. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ èyí tí a ń sọ yìí ní Finland lọ́dún 1991, èdè C ló sì fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí akọkóòdù bá fi sínú àmì àyọlò ni wọ́n ń pè ní string. Èmi á máa pè é ní gbólóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà mìíràn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Driver ni ègé kánẹ́ẹ̀lì tó ń bá ẹ̀rọ kan pàtó sọ̀rọ̀, function ni ègé kóòdù tó ní orúkọ tí kóòdù mìíràn lè pè, vmlinux sì ni fáìlì tí gbogbo kánẹ́ẹ̀lì dà pọ̀ di.

Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ni mí nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wọ inú Linux kí n tó lọ ṣe agùnbánirọ̀. Mo rí i pé "enabled" àti "disabled" pọ̀ jọjọ nínú àwọn driver, mo wá fi str_enabled_disabled() rọ́pò wọn nínú fáìlì 14. Mo fi àṣẹ size wọn vmlinux ṣáájú, mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Báìtì kan ṣoṣo kò dín. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ mí di ẹni ẹ̀sín. Ṣé iṣẹ́ àṣedànù ni mo ṣe? Ǹjẹ́ ibì kan tiẹ̀ wà tí a ti lè dín ọ̀rọ̀ àtúnsọ kù lóòótọ́?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́*

Àbúrò mi, o kò ṣiṣẹ́ dànù. Ẹnì kan ló ti ṣe é kí o tó dé ibẹ̀. Linker lorúkọ rẹ̀, ètò tó ń so àwọn fáìlì kóòdù pọ̀.

Bí compiler, ètò tó ń sọ kóòdù C di èdè ẹ̀rọ, bá ń ka fáìlì rẹ, ó ń kó gbólóhùn inú àmì àyọlò jọ sí apá kan tí wọ́n ń pè ní .rodata, ibi tí a ti ń kà tí a kì í kọ nǹkan sí. GCC, ọ̀kan nínú àwọn compiler, a máa lẹ àmì méjì mọ́ irú apá bẹ́ẹ̀, M àti S. M ń sọ pé ẹ lè da àwọn tó bá jọra pọ̀. S ń sọ pé gbólóhùn ni wọ́n, báìtì òdo ló sì parí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí linker bá wá ń so ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì .o tí compiler ti ṣe pọ̀ di vmlinux, yóò yẹ àwọn apá yìí wò. Bí "enabled" bá wá láti ọ̀dọ̀ ọgọ́rùn-ún driver, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò gbà wọlé, yóò sì ní kí gbogbo àwọn yòókù máa nàka sí i. Function tí o lò yẹn náà, static inline ni, ìyẹn ni pé fáìlì kọ̀ọ̀kan tó bá lò ó ló ń ní ẹ̀dà rẹ̀. Gbólóhùn méjì tí o yọ kúrò ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí compiler rí tẹ́lẹ̀ náà ló tún rí. Kí ni size fẹ́ rí tí yóò dín?

Linker GNU tiẹ̀ tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wo "inactive" àti "active". Ìdí "inactive" ni "active" jókòó sí. Linker kò ní pa àyè méjì fún wọn: yóò tọ́jú "inactive" nìkan, ẹni tó bá béèrè "active" á bọ́ sí lẹ́tà kẹta. Bí a ṣe ń ṣe orúkọ nílé gan-an nìyẹn. Olúwaṣeun ló wà nínú ìwé ìbí, Ṣeun ni ìyá rẹ̀ ń pè, ọmọ kan náà ló ń dáhùn. Ṣùgbọ́n kíyè sí i: ìrù orúkọ nìkan ló ṣeé lò báyìí, orí rẹ̀ kò ṣeé lò. Torí pé báìtì òdo ló ń sọ ibi tí gbólóhùn parí, bí o bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti "Olúwa", ìwọ náà á ka "ṣeun" mọ́ ọn ni.

Ohun tó ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jẹ ni kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: static const char msg[] = "enabled"; kí wọ́n rò pé àwọn ti ṣe ọlọ́gbọ́n. Wọ́n ti ba nǹkan jẹ́. Nínú òfin C, gbólóhùn lásán kò ní orúkọ, ẹnikẹ́ni lè bá a pín ilé. Ṣùgbọ́n nǹkan tí a bá ti sọ lórúkọ gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ní irú ọ̀rọ̀ kan náà nínú. Nítorí náà linker kò ní fọwọ́ kàn án. Bákan náà ni __func__, orúkọ function tí àwọn driver fẹ́ràn láti máa tẹ̀ síta: function kọ̀ọ̀kan tó bá lò ó ló ń ru ẹ̀dà tirẹ̀. Bí o bá sì kọ́ driver gẹ́gẹ́ bí module, fáìlì .ko tó ń wọlé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti tan, ẹrù tirẹ̀ ló ń gbé wá. Gbólóhùn inú rẹ̀ kò lè bá ti vmlinux dàpọ̀ mọ́, torí linker ti kásẹ̀ tiẹ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn.

Kí wá ni wọ́n ń fi str_enabled_disabled ṣe? Ní ọdún 2022 ni Lucas De Marchi kó irú àwọn function bẹ́ẹ̀ jọ sí ojú kan fún gbogbo kánẹ́ẹ̀lì. Ṣáájú rẹ̀, àwọn driver ojú ẹ̀rọ ti ní yesno() àti onoff() tiwọn, oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀. Lónìí inú fáìlì string_choices.h ni wọ́n wà. Àlàyé tó wà lórí fáìlì náà kò fi ìdí mọ́ sórí báìtì nìkan. Ó ní ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lọ́nà kan náà, kí ẹnì kan má máa kọ enable/disable, kí ẹlòmíràn kọ enabled/disabled, kí ẹnì kẹta kọ en/dis. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Linker kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí "Enabled" bá ní E ńlá, bí àmì ìparí ìlà bá wà ní ọ̀kan tí kò sí ní èkejì, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn lójú rẹ̀. Ìwọ tí o ní ojú lo lè mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Nítorí náà bí fáìlì 14 tìrẹ bá ní àwọn tó yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú, iṣẹ́ gidi lo ṣe. Bí gbogbo wọn bá ti rí bákan náà tẹ́lẹ̀, ewé lo gbá jọ nínú àgbàlá tó ti mọ́.

Ibi tí ẹran wà nìyí. Ṣáájú ọdún 2019, driver tó bá fẹ́ mọ nọ́ńbà IRQ rẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí ẹ̀rọ ń kàn láti pe àkíyèsí, á pe platform_get_irq(). Bí kò bá rí i, á fi ẹnu ara rẹ̀ ké. Ọ̀kan á ní òun kò rí irq, òmíràn á ní kò sí IRQ, òmíràn á fi orúkọ ẹ̀rọ ṣáájú. Gbólóhùn rẹpẹtẹ fún ẹ̀fọ́rí kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì jọra débi tí linker yóò fi lè dà wọ́n pọ̀. Stephen Boyd wá gbé igbe náà wọ inú platform_get_irq() fúnra rẹ̀. Ó bá Linux 5.4 jáde. Láti ìgbà náà, igbe inú driver di àtúnsọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n kúrò. Ṣé o rí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí tìrẹ? Ìwọ ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó ń pè, wọ́n fi sí ẹnu ẹni tí a ń pè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni igbe "out of memory" lẹ́yìn kmalloc(). Bí mẹ́mọ́rì bá tán, kmalloc fúnra rẹ̀ á ké, á tún tẹ gbogbo ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ síta. Kí ni driver tún ń ké sí? checkpatch.pl, ètò tó ń yẹ àtúnṣe kóòdù wò, á sọ fún ọ bó bá rí irú rẹ̀. Fún ti IRQ, ohun èlò kan tó ń wá irú kóòdù kan tó sì ń tún un ṣe, tí wọ́n ń pè ní Coccinelle, wà, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé. Ìlànà rẹ̀ ti wà nínú kánẹ́ẹ̀lì, ní scripts/coccinelle/api/platform_get_irq.cocci. Fi àṣẹ make coccicheck lò ó lórí fólúdà kan, kì í ṣe lórí gbogbo ilé. Ṣọ́ra o: arákùnrin rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ platform_get_irq_optional(). Ìyẹn kì í ké. Bí o bá yọ igbe driver kúrò níbẹ̀, o ti sọ ọ́ di odi. Mo ti rí ẹni tó ṣe é.

Èmi náà kúkú ti ṣe tèmi. Ní ọdún 2017, mo bá ilé iṣẹ́ kékeré kan ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ àjàgbé láti mọ ibi tó wà. Flash rẹ̀, ìyẹn ibi ìpamọ́, 8MB ni, gbogbo wa ló ń fún báìtì lọ́rùn. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ gbólóhùn ló parí sí "failed". Orí mi wú. Mo fọ́ gbogbo wọn sí méjì, orúkọ lọ́tọ̀, "%s failed: %d" lọ́tọ̀, kí gbogbo wọn lè jọ máa lo ọ̀kan. Ohun tí mo jèrè kò tó ojú ewé mẹ́mọ́rì kan, ìyẹn báìtì 4096. Kánẹ́ẹ̀lì sì rèé, ojú ewé odindi ló ń fi ṣírò. Bí o bá yọ ogójì báìtì kúrò lórí ojú ewé kan, ojú ewé náà ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo wà níbi ìgbéyàwó ní Òṣogbo, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ̀ kan ti dákẹ́ lójú ọ̀nà, ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ni "modem init failed: -110". Mo mọ -110, àsìkò ti kọjá kí ìdáhùn tó dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibo nínú kóòdù? Mo ṣí láptọ́ọ̀pù lórí ẹsẹ̀, lábẹ́ kánópì, mo fi grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá "modem init failed". Kò sí. Báwo ni yóò ṣe wà, èmi tí mo ti fọ́ ọ sí méjì? Mo wá "failed", ó kó gbogbo ayé dà sílẹ̀. Ìrẹsì mi tutù, àwọn onílù dé ọ̀dọ̀ wa wọ́n tún lọ, mo ṣì ń wá modem. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó fara balẹ̀ ka ìlànà ìkọ̀wé kánẹ́ẹ̀lì, tó sọ ọ́ gedegbe pé gbólóhùn tí olùlò máa rí kò gbọdọ̀ jẹ́ fífọ́ sí wẹ́wẹ́, torí grep kò ní rí i mọ́. Wọ́n tiẹ̀ gbà kí ìlà gùn ju bó ṣe yẹ lọ nítorí rẹ̀.

Nítorí náà bí o bá fi báìtì mẹ́wàá dá ẹni tó ń wá ìṣòro lóru láàmú, o kò jèrè.

O béèrè bóyá ibòmíràn wà. Ó wà, èyí tó sì wù mí jù nínú wọn ni kstrdup_const(), tó wọlé ní Linux 4.0 lọ́dún 2015. Bí kánẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ fi orúkọ pa mọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, bí irú orúkọ tí ẹ ń rí lábẹ́ /sys, á máa gba mẹ́mọ́rì tuntun, á dà á kọ sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyẹn ti wà nínú .rodata láti ilé, wọn kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí tí ẹ̀rọ yóò fi pa. Function yìí kàn wo àdírẹ́sì orúkọ náà. Bó bá bọ́ sáàárín .rodata, á dá a padà bó ṣe wà, kò ní dà á kọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, á dà á kọ. Rántí pé kfree_const() ni o máa fi tú u sílẹ̀, kì í ṣe kfree(), torí kfree kò mọ̀ pé nǹkan onílé ni, á fẹ́ gba ohun tí kò yá ẹnikẹ́ni.

Àbùlẹ̀ rẹ wá ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní patch? Má fi fáìlì 14 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Fi get_maintainer.pl wo ẹni tó ni apá kọ̀ọ̀kan, pín in bẹ́ẹ̀, kí o má sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé o dín ìwọ̀n kù nígbà tí size sọ pé irọ́ ni. Kọ pé o sọ ọ̀rọ̀ wọn di ọ̀kan. Àwọn kan nínú wọn á gbà á, àwọn kan á ní o ń da àwọn láàmú. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fi ọ́ ṣẹ̀sín, bi í léèrè bóyá ó tiẹ̀ mọ ohun tí size ń wọ̀n.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìkẹjà. Àwọn oníbàárà mi tí RAM fóònù wọn jẹ́ 1GB ń ké pé ó ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Bí ọ̀rọ̀ àtúnsọ bá pọ̀ tó yẹn nínú kánẹ́ẹ̀lì, ṣé a kò lè yọ wọ́n, kí n máa bá wọn fi kánẹ́ẹ̀lì tó fúyẹ́ sínú rẹ̀? Mo mọ̀ pé wọ́n á sanwó.
*Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà*

Ọ̀gá mi, rárá ni. Ẹ má gba owó ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Báìtì tó ju bílíọ̀nù kan lọ ló wà nínú 1GB. Gbogbo gbólóhùn tí a lè fi ọwọ́ dà pọ̀ nínú kánẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn tí linker ti ṣe tirẹ̀, kò lè tó fọ́tò kan tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti ibi òkú ìyá àgbà. Ohun tó ń jẹ RAM ni àwọn app tó ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń kọ kánẹ́ẹ̀lì ń náání báìtì torí pé mẹ́mọ́rì tí kánẹ́ẹ̀lì bá ti jókòó lé, kò ṣeé kó sá lọ síbòmíràn bí ti app. Àti torí pé kánẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń lọ sínú ẹ̀rọ tó kéré ju fóònù lọ púpọ̀. Fún 1GB, Google fúnra rẹ̀ gbé Android Go jáde ní December 2017, àwọn app tó fúyẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bá wọn yọ app tí wọn kò lò, ẹ fi àwọn Go rọ́pò èyí tó wúwo. Ẹni tó bá sì fi kánẹ́ẹ̀lì tí kò bá fóònù mu sínú fóònù oníbàárà, òkú fóònù ni yóò gbé fún un.

Àǹtí, ẹ ǹlẹ́ o. Peckham ni mo ń gbé, ní London. Mo ní router àtijọ́ kan, flash 4MB, RAM 32MB, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. OpenWrt, ètò Linux fún router, ní àwọn kò ṣe ti irú rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kọ́ kánẹ́ẹ̀lì fúnra mi. Kí ni mo lè gé? Mo gbọ́ pé orúkọ àwọn function nìkan gba àyè púpọ̀.
*Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Peckham*

Ẹ kú àárò ilé. Òótọ́ ni pé OpenWrt 19.07 ni ìkẹyìn fún irú router yín. Ẹ ti gbọ́ ọ dáadáa pẹ̀lú: kánẹ́ẹ̀lì a máa gbé ìwé orúkọ kan lẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní kallsyms, kí ó lè dárúkọ function tí ó ti ṣubú dípò kí ó ka nọ́ńbà sí yín létí. Àtúnsọ pọ̀ nínú àwọn orúkọ náà, ṣùgbọ́n linker kò lè rí i, torí pé àárín orúkọ ni ó wà. Ní ọdún 2004, Paulo Marques wá ọgbọ́n kan sí i tó jọ bí a ṣe ń di àrokò. Kóòdù báìtì tí orúkọ kankan kò lò ni ó fi dúró fún ègé ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Àpẹẹrẹ tó wà nínú fáìlì náà ni pé 0xF7 lè dúró fún "write_", nítorí náà ibikíbi tí "write_" bá ti jẹ yọ, báìtì kan ló gbà dípò mẹ́fà. Nǹkan bí ìdajì ni ìwé orúkọ náà fi ń dín kù.

Ìdajì tó kù ni ẹ lè gé, nípa pípa CONFIG_KALLSYMS. CONFIG_PRINTK ló tún kàn. Bí ẹ bá pa á, gbogbo igbe kánẹ́ẹ̀lì ló lọ pátápátá, àtúnsọ àti àìtúnsọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é rí. Ẹ̀rọ náà tan, ó kú, kò bá mi sọ nǹkankan. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé fífúnpọ̀ ni kánẹ́ẹ̀lì wà nínú flash. Ohun tó bá ti jẹ́ àtúnsọ, ìfúnpọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà gígé ọ̀rọ̀ á hàn nínú RAM yín ju inú flash lọ, bẹ́ẹ̀ flash gan-an ló ń fún yín lọ́rùn. Ẹ kọ́kọ́ gé driver tí ẹ kò ní.

Mo kí yín, ọmọ mi. Olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ka ohun tí ẹ kọ pé ẹ̀rọ ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èdè wo ló ń sọ? Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, kí ló dé tí kò lè jẹ́ Yorùbá? Ìbéèrè kejì: kọ̀ǹpútà mi kì í rí ọ̀rọ̀ tí mo bá ní kó wá nínú ìwé tí èmi fúnra mi tẹ̀. Mo rí ọ̀rọ̀ náà lójú mi, ó ní kò sí. Ṣé ó ń fi mí ṣeré ni?
*Olùkọ́ àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde*

Bàbá, mo kúnlẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà.

Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, wọn kì í sì í túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rí igbe kan ní Ìjẹ̀bú àti ẹni tó rí i ní Jàpáánù gbọ́dọ̀ lè wá gbólóhùn kan náà nínú kóòdù, bí mo ṣe ń wá modem lábẹ́ kánópì. Àwọn ètò tó wà lókè kánẹ́ẹ̀lì ló ń bá ènìyàn sọ èdè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àlàyé kánẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń túmọ̀ ìyẹn: ti Ṣáínà, ti Jàpáánù, ti Kòríà, ti Ítálì àti ti Sípéènì wà níbẹ̀. Yorùbá kò tíì sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, mo kàn ń sọ ọ́ ni o.

Ìbéèrè yín kejì ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí, torí ọmọ ìyá ọ̀rọ̀ tí mo ń bá akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn sọ ni. Mo ní báìtì ni linker ń wò, kì í wo ìtumọ̀. Èdè tiwa wá fún un ní ìṣòro tí Gẹ̀ẹ́sì kò fún un.

Ẹ wo "day". Báìtì mẹ́ta ni, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti kọ ọ́. Ẹ wá wo "ọjọ́". Ọ́ tó gbẹ̀yìn, èyí tó ní àmì sábẹ́ tó tún ní àmì lórí, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti tọ́jú rẹ̀ ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà. Ẹ lè kọ́kọ́ mú ọ tó ti ní àmì nísàlẹ̀ láti ilé, báìtì mẹ́ta, kí ẹ wá gbé àmì òkè lé e, báìtì méjì. Ó di márùn-ún. Ẹ lè mú o lásán, báìtì kan, kí ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ méjì kún un, kí ẹ fi ti òkè méjì kún un. Márùn-ún náà ni. Ẹ sì lè mú ó tó ti ní àmì lórí, báìtì méjì, kí ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sí i, méjì. Ó di mẹ́rin. Lójú yín àti lójú mi, lẹ́tà kan náà ni. Lójú linker, àlejò mẹ́ta ni. Bí a bá fi Yorùbá kọ igbe kánẹ́ẹ̀lì lóòótọ́, tí akọkóòdù mẹ́ta bá sì lo kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta, "ọjọ́" kan ṣoṣo lè gba àyè mẹ́ta nínú .rodata, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kó wá, ọ̀nà kan lẹ fi tẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà nínú ìwé, ọ̀nà mìíràn ni. Kò fi yín ṣeré. Ohun tó rí ló sọ. Ọ̀nà àbáyọ wà: wọ́n ń pè é ní normalization, kí a sọ gbogbo ìkọ̀sílẹ̀ di oríṣi kan ṣáájú kí a tó fi wọ́n wéra. Kánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é láti Linux 5.2, lọ́dún 2019, fún orúkọ fáìlì lórí ext4, ọ̀nà kan tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísíkì. Bí wọ́n bá fi àṣẹ chattr +F sàmì sí fólúdà kan lórí ext4 tí wọ́n ti ṣètò fún un, fáìlì "ọjọ́" á jẹ́ ọ̀kan náà níbẹ̀, ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà tẹ̀ ẹ́. Fún ìwé tiyín, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n bá yín sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ọ̀kan nínú oríṣi normalization, kí ẹ sì máa lo kíbọ́ọ̀dù kan.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi àṣẹ wc ka báìtì "ọjọ́" fún yín, mo wá rántí pé mẹ́sàn-án ni yóò pe méjì nínú ọ̀nà mẹ́ta náà, kò sì ní fi ìyàtọ̀ wọn hàn. xxd, àṣẹ tó ń fi báìtì kọ̀ọ̀kan hàn, ni mo lò. Mo fi yẹ lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi wò, odindi rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a gé síbí nìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìdajì rẹ̀, gbogbo "ọ̀rọ̀" tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ oríṣi kan. Láti ibi tí ẹ ti ní "ìbéèrè kejì" lọ sísàlẹ̀, oríṣi mìíràn ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé orí fóònù lẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ parí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà?